Bí Katakata Bá Kọ̀ Láti Sítáàtì: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Náwó



Àkọ́rọ̀ òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ tí ó ní katakata, tàbí tí ó fẹ́ háyà rẹ̀, mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti rọ̀ tán, ọjọ́ díẹ̀ ni òun ní láti fi túlẹ̀ kí àgbàdo òun tó lè bá òjò mu. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni awakọ̀ yóò yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ̀rọ kò ní fọhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì pinnu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé sítátà ti jóná. Wọn a kó owó, wọn a wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀. Àwọn ará Ìbàdàn a gba Gate lọ. Àwọn ará Èkó a gba Ládípọ̀ lọ. Àwọn tí ń bẹ ní ìhà Ọ̀rẹ̀, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ a gba Benin àti Asaba kọjá, wọn a gun afárá Odò Ọya tí a kọ́ parí ní ọdún 1965, tàbí afárá kejì tí a ṣí ní ọdún 2023, wọn a sì bọ́ sí Onitsha ní Ìpínlẹ̀ Anambra.

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí ni láti fi hàn yín pé ọ̀pọ̀ nínú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó wáyé rárá. Ẹ̀rọ tí ń fi iná bátìrì sítáàtì ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí iná rẹ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà náà, tí ó sì fi sùúrù tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò rí ibi tí ìdènà wà kí ó tó fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́ NÍ ONITSHA

Nkpor kò jìnnà sí Onitsha rárá, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀ sì lókìkí púpọ̀. Ní Obosi, tí ó wà nítòsí, ni ọjà tí wọ́n ń pè ní Mgbuka wà, níbi tí a ti ń ta àlòkù. Mo bá bàbá àgbẹ̀ kan láti agbègbè Ọ̀wọ̀ lọ sí Nkpor láti ra sítátà fún katakata rẹ̀. Bàbá ti da nọ́ńbà ara sítátà náà kọ sínú ìwé, owó sì wà lápò. Ọkùnrin tí a bá ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ọmọ Ìgbò tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó wo ìwé náà, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ sí ọjà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí awakọ̀ yín tan iná iwájú, tí ó sì yí kọ́kọ́rọ́, kí ni iná náà ṣe?"

Bàbá wo ojú mi, èmi náà wo ojú bàbá. Kò sí ẹni tí ó kíyè sí i nínú wa. Ojú tì mí, nítorí pé ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi bàbá lóko ni ọlọ́jà ń bi í ní ọjà. Bàbá pe awakọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Awakọ̀ tan iná iwájú, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì dáhùn pé iná náà mọ́lẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí ni ó kú pátápátá, tí ó sì tún mọ́lẹ̀ nígbà tí òun dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ọlọ́jà ní, "Kì í ṣe sítátà ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Ìgbà wo ni ẹ ra bátìrì?" Bàbá ní kò tí ì pé oṣù mẹ́ta, àti pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáàjì rẹ̀ ni. Ọlọ́jà ní kí awakọ̀ tún yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí ó pa iná, kí ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí wáyà ńlá kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ nǹkan, kí ó sọ èyí tí ó gbóná nínú wọn. Awakọ̀ ní ibi tí wáyà bátìrì ti so mọ́ ara irin katakata ni ó gbóná. Nígbà náà ni bàbá rántí pé wọ́n kun katakata náà lọ́dà ní oṣù tí ó kọjá. Àwọn tí ó kùn ún ti tú wáyà náà, wọ́n ti kun ojú irin tí ó máa ń jókòó lé, wọ́n sì dá a padà sórí ọ̀dà. Awakọ̀ fi sáńpépà họ ọ̀dà náà títí irin fi ń dán, ó de wáyà padà, katakata sì dún kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ọlọ́jà yẹn bá ti ta sítátà fún bàbá, bàbá ì bá gbé e délé, ì bá dè é mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kì bá sì sítáàtì síbẹ̀.

Ọ̀NÀ TÍ INÁ Ń GBÀ

Ẹ̀yin àgbà inú wa yóò rántí bí ọmọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà ti máa ń ki irin bọ imú ọkọ̀, tí yóò sì máa fi agbára yí i títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dún. Bí irin náà bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ọmọ ọkọ̀ lápá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Charles Kettering ni ó ṣe sítátà oníná tí ilé-iṣẹ́ Cadillac fi sára ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Láti ìgbà náà ni iná bátìrì ti ń ṣe iṣẹ́ tí apá ènìyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ńlá sì ni. Nínú gbogbo ohun tí ń lo iná lára katakata, kò sí èyí tí ó ń fa iná tó sítátà. Ìdí nìyí tí ìdọ̀tí kékeré, tí kò lè dí iná gílóòbù lọ́wọ́, fi lè dá sítátà dúró pátápátá.

Ọ̀nà méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Èkíní ni ọ̀nà ńlá. Iná ń jáde láti inú bátìrì, ó ń gba inú wáyà tí ó nípọn bí ìka ọwọ́, ó ń dé ibi solenoid, láti ibẹ̀ ó ń wọ inú sítátà. Bí ó bá yí sítátà tán, ó ń gba ara irin ẹ́ńjìnnì àti ti katakata padà, ó sì ń gba wáyà ẹ́ẹ̀tì wọ inú bátìrì. Iná gbọ́dọ̀ lọ, iná sì gbọ́dọ̀ bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yẹ ọ̀nà àlọ wò, wọn a sì gbàgbé ọ̀nà àbọ̀. Àìsàn katakata bàbá wa láti Ọ̀wọ̀, ní ọ̀nà àbọ̀ ni ó wà.

Èkejì ni ọ̀nà kékeré. Iná díẹ̀ ń gba fíúsì lọ sí ìdí kọ́kọ́rọ́. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná náà ń gba súìsì ààbò kọjá, èyí tí kì í ṣí ọ̀nà àfi bí jíà bá wà ní fíríì tàbí bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni yóò dé orí kékeré tí ó wà lára solenoid. Solenoid yìí dà bí aṣọ́bodè. Iná díẹ̀ tí ó wá láti ìdí kọ́kọ́rọ́ ni ìránṣẹ́ tí ń sọ fún un pé kí ó ṣí bodè fún iná ńlá. Bí ìránṣẹ́ kò bá dé, aṣọ́bodè kò ní ṣílẹ̀kùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì àti sítátà kò ní àbùkù kankan.

OHUN ÈLÒ TÍ Ẹ NÍLÒ

Ẹ kò nílò ohun tí ó pọ̀. Ẹ wá sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì orí bátìrì mu, sáńpépà, búrọ́ọ̀ṣì onírin, àti iná àyẹ̀wò. Iná àyẹ̀wò yìí kò ju gílóòbù ọkọ̀ kan tí ó jẹ́ ti fólítì 12, tí a so wáyà méjì mọ́. Rìwáyà kankan lè ṣe é fún yín kí ẹ tó jẹun tán. Bí ẹ bá ní mítà tí a fi ń wọn iná, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌṢỌ́RA KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

1. Ẹ fi jíà sí fíríì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn.

2. Ẹ fa irin tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì jáde, kí epo dísù má baà dé inú ẹ́ńjìnnì. Báyìí, sítátà lè yí láìjẹ́ pé ẹ̀rọ yóò sítáàtì nígbà tí ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò.

3. Ẹ má ṣe mu sìgá, ẹ má sì ṣe gbé iná sún mọ́ bátìrì. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gba iná lè gbiná, kí ó sì fọ́ bátìrì náà mọ́ yín lójú.

4. Ásíìdì inú bátìrì ń jó ara, ó sì ń fọ́ ojú. Bí ó bá ta sí yín lára, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Bí ó bá jẹ́ ojú ni, ẹ máa da omi tútù sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

5. Bí ẹ bá fẹ́ tú wáyà bátìrì, wáyà ẹ́ẹ̀tì ni ẹ kọ́kọ́ tú. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn padà, òun ni ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Báyìí, bí sípánà bá ṣèèṣì kan ara irin, kò ní ta iná.

ẸTÍ ÀTI OJÚ NI Ẹ KỌ́KỌ́ LÒ

Ẹ tan iná iwájú. Kí ẹnì kan jókòó sórí ìjókòó awakọ̀, kí ó yí kọ́kọ́rọ́. Kí ẹlòmíràn dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí ó jìnnà sí táyà, kí ó máa wo iná, kí ó sì máa gbọ́ ohùn. Ẹ̀rọ yóò fúnra rẹ̀ sọ ibi tí ó ti ń dùn ún.

1. Bí iná kò bá tàn rárá, tí kò sì sí ohùn kankan: ẹ wo bátìrì, àwọn ìdè orí rẹ̀, wáyà ẹ́ẹ̀tì àti fíúsì ńlá.

2. Bí iná bá mọ́lẹ̀, tí kò sì dín kù nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ kò gbọ́ ohùn kankan: bátìrì kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Iná kò dé ìdí sítátà ni. Ẹ wo ọ̀nà kékeré: fíúsì, ìdí kọ́kọ́rọ́, súìsì ààbò, àti wáyà tí ó lọ sí orí kékeré solenoid.

3. Bí iná bá mọ́lẹ̀, tí ẹ sì gbọ́ "ká" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná kò dín kù: ìránṣẹ́ ti dé, ṣùgbọ́n iná ńlá kò kọjá. Ẹ fura sí inú solenoid tàbí kábọ̀nù inú sítátà.

4. Bí ẹ bá gbọ́ "ká-ká-ká-ká" léraléra, tí iná sì ń ṣẹ́jú: bátìrì kò lágbára, tàbí ìdè orí rẹ̀ dọ̀tí.

5. Bí iná bá kú tàbí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú bí ẹ ti yí kọ́kọ́rọ́: bátìrì ti rọ, tàbí ìsopọ̀ kan ní ọ̀nà ńlá kò dára. Irú èyí ni ti bàbá wa.

6. Bí sítátà bá ń yí, tí ó ń hó fee, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì kò yí pẹ̀lú rẹ̀: eyín sítátà kò bá eyín ẹ́ńjìnnì pàdé, tàbí ó ti jẹ. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyí.

7. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kánkán tí kò kàn gbiná: ẹ fi bátìrì àti sítátà sílẹ̀, nítorí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ẹ wò ó bóyá ẹ gbàgbé láti ti irin tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì padà, bóyá epo ti tán, tàbí bóyá afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ̀nà epo.

ÌWÁDÌÍ LẸ́SẸẸSẸ

Ìgbésẹ̀ kìíní: bátìrì. Bátìrì fólítì 12 ní ihò mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bí fólítì 2 wá. Bí ẹ bá ní mítà, ẹ wọn bátìrì ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Fólítì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún. Fólítì 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti dé ìdajì. Bí ó bá jẹ́ fólítì 12.0 tàbí kí ó dín, ẹ gbé e lọ ṣáàjì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọ́n nígbà tí sítátà ń yí. Bí bátìrì tí ó kún bá já wálẹ̀ ju fólítì 9.6 lọ, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbó, tàbí kí sítátà máa fa iná ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ yá bátìrì tí ó dára lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ẹ fi dán an wò. Bí ẹ̀rọ bá dún, ẹjọ́ bátìrì ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn ìsopọ̀. Ẹ tú ìdè orí bátìrì méjèèjì. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó hù sí i bí olú, ẹ po kán-ún mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Yóò hó. Ẹ ṣọ́ra kí ó má wọ inú ihò bátìrì. Ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sáńpépà họ orí bátìrì àti inú ìdè náà títí wọn yóò fi máa dán, ẹ dè wọ́n le, kí ẹ wá fi gíríìsì díẹ̀ pa á lójú. Ẹ ṣe bákan náà fún ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti so mọ́ ara irin. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀, ìpẹtà àti ọ̀dà máa ń fara pamọ́ sí jùlọ. Ẹ tẹ wáyà náà wò pẹ̀lú. A máa ń rí èyí tí rọ́bà òde rẹ̀ dára tí bàbà inú rẹ̀ ti jẹ tán.

Bí ẹ bá ní mítà, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sórí bátìrì tí wáyà ẹ́ẹ̀tì so mọ́, ẹ fi èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì tí a ti họ, kí awakọ̀ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá ka ohun tí ó ju ìdajì fólítì kan lọ nígbà tí sítátà ń fa iná, ọ̀nà àbọ̀ yín ní ìdènà. Ẹ ṣe irú rẹ̀ láti orí bátìrì kejì dé orí ńlá tí ó wọ inú sítátà, kí ẹ lè mọ̀ bí ọ̀nà àlọ ti rí. Ẹni tí kò ní mítà lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ìsopọ̀ tí ó gbóná, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ bàbá ti ṣe, ṣùgbọ́n kí ó rọra, nítorí pé ó lè jó o.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìdí solenoid. Ẹ so wáyà kan iná àyẹ̀wò mọ́ ara irin tí ó mọ́. Ẹ fi wáyà kejì kan orí ńlá tí wáyà bátìrì wọ̀ lára solenoid. Ó yẹ kí gílóòbù mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kan orí kékeré, kí awakọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ó yí kọ́kọ́rọ́. Bí gílóòbù kò bá mọ́lẹ̀, ìránṣẹ́ kò dé. Ẹ máa tọ wáyà kékeré náà padà sẹ́yìn, ẹ yẹ súìsì ààbò wò, lẹ́yìn náà ìdí kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn náà fíúsì. Ibi tí gílóòbù bá ti kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ìdènà kò ṣẹ̀yìn ohun tí ó wà láàrin ibẹ̀ àti ibi tí ẹ yẹ̀ wò kẹ́yìn. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ ní orí kékeré, tí solenoid kò sì dún "ká", solenoid ni kí ẹ pààrọ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ti sítátà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sítátà. Ẹ fi iná àyẹ̀wò kan orí ńlá tí ó jáde láti solenoid wọ inú sítátà, kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ kedere, tí ọ̀nà àbọ̀ sì dára, tí sítátà kò yí síbẹ̀, nígbà náà ni ẹ lè sọ pé sítátà ni ó ń ṣàìsàn. Síbẹ̀, ẹ má tí ì sáré lọ sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà tú u, kí ó wo kábọ̀nù inú rẹ̀. Kábọ̀nù máa ń jẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láìra odindi sítátà.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí sítátà yí ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún yí i. Ẹni tí ó bá di kọ́kọ́rọ́ mú títí lọ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó sítátà rẹ̀.

Ẹ MÁ ṢE DÚRÓ NÍLẸ̀ SÍTÁÀTÌ KATAKATA

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyí. Àwọn awakọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé, bí kọ́kọ́rọ́ kò bá ṣiṣẹ́, wọn a dúró sílẹ̀ láàrin táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn, wọn a fi sikurudíráfà tàbí sípánà so orí méjèèjì solenoid pọ̀, ẹ̀rọ a sì dún. Wọ́n a ní ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti fo aṣọ́bodè àti súìsì ààbò kọjá. Bí jíà bá wà níbi iṣẹ́, katakata yóò gbéra ní kété tí ó bá dún, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ tí yóò dá a dúró. Táyà ẹ̀yìn sì ni yóò kọ́kọ́ dé ibi tí ẹni náà dúró sí. Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó láti sá fún un. Ọ̀nà yìí ti pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi àkọlé lẹ ara katakata láti kìlọ̀ pé orí ìjókòó nìkan ni kí a ti máa sítáàtì.

Nítorí náà, bí súìsì ààbò bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí rìwáyà gé e kúrò kí ó sì so wáyà rẹ̀ pọ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ yín pé ẹ kò fẹ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lóko yín. Ọjọ́ kan tí a kò fi rí ilẹ̀ tú ṣeé dá padà. Ẹ̀mí ènìyàn kò ṣeé dá padà.

Ẹ̀RỌ KÉKERÉ TÍ A Ń GÙN GÉ KORÍKO

Àwọn kan nínú yín ní ẹ̀rọ kékeré tí a ń jókòó lé gé koríko ní ọgbà ilé-ìwé, ní àyíká ilé ìjọsìn, tàbí láàrin igi eléso. Epo bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀nà iná wọn kò yàtọ̀: bátìrì, kọ́kọ́rọ́, solenoid, sítátà, ẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé súìsì ààbò wọn sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà lábẹ́ ìjókòó, ọ̀kan wà ní ìdí bíréèkì, ọ̀kan sì wà ní ìdí ohun tí a fi ń sọ abẹ sí iṣẹ́. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá abẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí bóyá ẹ kò tẹ bíréèkì. Ẹ wo abẹ́ ìjókòó pẹ̀lú, nítorí pé eku fẹ́ràn láti jẹ wáyà níbẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ so súìsì abẹ́ ìjókòó pa. Òun ni ó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró bí ènìyàn bá ṣubú kúrò lórí rẹ̀ nígbà tí abẹ ń yí.

BÍ Ẹ BÁ NÍ LÁTI RA

Bí ìwádìí yín bá fi hàn pé sítátà gan-an ni ó bàjẹ́, ẹ lọ ra á, ìbáà jẹ́ ní Gate, ní Ládípọ̀, tàbí ní Onitsha. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání. Ẹ ka eyín orí tuntun náà, kí ó bá iye ti àtijọ́ mu. Ẹ wo ibi tí bóòtù ń wọ̀ lára rẹ̀. Ẹ sì rí i pé fólítì 12 ni wọ́n kọ sára rẹ̀ bí bátìrì yín bá jẹ́ fólítì 12.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣe sanwó kí ẹ tó rí i kí ó yí. Ọlọ́jà yóò ní bátìrì àti wáyà tí ó fi ń dán an wò. Kí ó tẹ sítátà náà mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí pé ó máa ń fò bí ó bá gba iná. Ẹ tẹ́tí sí i: kí ó yí ní kíákíá láìrojú, kí eyín rẹ̀ fò jáde kí ó sì padà sáyè rẹ̀ nígbà tí iná bá kúrò. Ẹ fi ọwọ́ mi irin àárín rẹ̀. Bí ó bá ń mì tìtì, búṣì rẹ̀ ti jẹ. Ní ti bátìrì, ẹ má ṣe ra èyí tí ikùn rẹ̀ wú tàbí tí ara rẹ̀ sán.

ÌTỌ́JÚ SÀN JU ÌWÒSÀN LỌ

Ooru ilẹ̀ wa a máa gbẹ omi inú bátìrì, a sì máa dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù. Bí bátìrì yín bá jẹ́ èyí tí a ń ṣí, ẹ máa wo inú rẹ̀ ní oṣooṣù. Kí omi bo àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀. Omi bátìrì tí a ń tà nìkan ni kí ẹ fi kún un. Ẹ má ṣe lo omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ, ẹ má sì ṣe máa da ásíìdì sí i.

Láàrin ìkórè àti òjò àkọ́kọ́, katakata púpọ̀ a máa wà lójú kan fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bátìrì tí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń rọ díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì pẹ́ ní rírọ, ṣáàjì kò ní lè jí i mọ́. Ẹ tú wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, kí ẹ sì máa ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi mítà wọn orí bátìrì. Bí ó bá wà láàrin fólítì 13.5 àti 14.5, ẹ̀rọ tí ń ṣáàjì bátìrì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dín, ẹ tún ìyẹn ṣe kí ẹ tó ra bátìrì tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tuntun náà yóò rọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní òwúrọ̀ tí katakata yín bá kọ̀ láti dún, ẹ rántí ìbéèrè ọlọ́jà Nkpor: kí ni iná iwájú ṣe nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́? Ẹ wá ìdáhùn rẹ̀ lóko yín, kí ẹ tó gun afárá. Bí ohunkóhun bá sì rú yín lójú, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yín, kí ẹ jọ tọ ọ̀nà iná náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.